Ọ̀rọ̀ Ara Bọ́ọ̀sì

A fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan lónìí.

Oṣù kẹfà ọdún 2016, ọmọ ìjọ wa kan pè wá láti London. Wọ́n fẹ́ dìbò lọ́jọ́ 23 bóyá kí Britain kúrò nínú EU, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ibẹ̀ láàyè láti dìbò, torí a wà nínú Commonwealth. Ó ní, "Dádì, èwo ni ká ṣe?"

A ti rí fọ́tò bọ́ọ̀sì pupa kan lórí fóònù. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé 350 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ló ń lọ sí EU lọ́sẹ̀, kí wọ́n fi tọ́jú ọsibítù. A sọ ọ́ fún un bí ẹni pé Ẹ̀mí ló bá wa sọ̀rọ̀.

Àjọ tó ń ṣọ́ ìṣirò ìjọba níbẹ̀ ti ní iye yẹn ń ṣini lọ́nà: wọ́n ń yọ ẹ̀dínwó kí owó tó lọ, òmíràn sì ń padà wá. Ẹ̀gbẹ́ kejì náà ò mọ́. Wọ́n ní ìdílé kọ̀ọ̀kan máa pàdánù 4,300 pọ́n-ùn lọ́dún. Ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin ní kí wọ́n yé sọ ọ́ bí ẹni pé owó àpò ìdílé ni.

Ní Creek Road wa níbí, kọ̀ndọ́kítọ̀ á ní kò sí gósìlóò, kí ọkọ̀ lè kún. Ẹ wọlé tán, tírélà ti dí ọ̀nà.

A pè é padà, a tọrọ àforíjì. Ó ti dìbò.

Òfin kẹsàn-án ò yọ pásítọ̀ sílẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kẹ́ ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ bi í: kí ni wọ́n yọ kúrò níbẹ̀?

Olúwa á ṣọ́ ẹnu wa. Ẹ ṣe àmín.