Ìyá Fóònù àti Ọmọ Fóònù

Ẹsẹ Bíbélì fún kíkà: Jòhánù 15:1-8, Orin Dáfídì 139:7-12, Dáníẹ́lì 6:10

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ẹ̀yin tí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn, ohun èlò kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àtijọ́ níbí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì ń lò ó lọ́hùn-ún. Fóònù ilé tí kò ní okùn ni, èyí tí a ń pè ní cordless. Èmi ni mo to ti ilé wa ní Gangare, ohun tí mo sì kọ́ nídìí rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Kí GSM tó dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ìlà fóònù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 500,000 lọ, bẹ́ẹ̀ àwa ènìyàn ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Nítorí náà, ilé tó bá ní ìlà NITEL ní Gangare, ti gbogbo àdúgbò ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀ffà, aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa, nọ́ńbà ilé wa ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ wọn tó wà lókèèrè. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ni fóònù wà, ẹ̀yìnkùlé nídìí ààrò ni Màmá sì máa ń wà. Kí wọ́n tó nu ọwọ́ kí wọ́n sì sáré débẹ̀, ó ti dákẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ra cordless ránṣẹ́ láti London.

Ohun méjì ló wà nínú páálí náà. A sọ ọ̀kan ní ìyá, a sọ èkejì ní ọmọ, bí a ti ń sọ ọlọ àti ọmọ ọlọ. Ìyá kì í kúrò lójú kan. Okùn méjì ló wà lára rẹ̀: ọ̀kan ń lọ sí ojú ìlà fóònù lára ògiri, èkejì ń lọ sí iná. Ọmọ ni à ń gbé kiri. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀ fún àwọn ará ilé, ẹ kọ́kọ́ wo ara adapter rẹ̀. Iná London àti tiwa dọ́gba ní 230 volts. Ṣùgbọ́n 120 ni ti Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ki í bọ iná wa bẹ́ẹ̀ láìsí tiransifọ́mà tí yóò dín agbára rẹ̀ kù, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Bátìrì tó bá a wá, irú èyí tó ṣeé gba iná sí, ni kí ẹ fi sínú ọmọ. Ẹ má fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì rọ́pò rẹ̀, nítorí irú bẹ́ẹ̀ lè bú bí iná bá ń wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ìwé tó bá tiwa wá ní kí a gbé ọmọ lé ìyá fún wákàtí 16 kí a tó fi pe ẹnikẹ́ni. Àwọn àbúrò mi kò lè mú sùúrù, ṣùgbọ́n Màmá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá tún ra ọmọ mìíràn kún un, ẹ gbọ́dọ̀ mú un mọ ìyá: ẹ tẹ bọ́tìnnì ara ìyá mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà àṣírí sínú ọmọ, 0000 ni ti ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìgbà náà ni yóò tó máa jẹ́ ìpè ilé yín.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Ọmọ fóònù kò ní iná ti ara rẹ̀. Gbogbo agbára tó fi ń rìn káàkiri, orí ìyá ló ti gbà á. Jésù sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Jòhánù 15 pé ẹ̀ka tí kò bá dúró lára àjàrà kò lè so èso. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ibẹ̀ yẹn kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi. Ẹlòmíràn ń ṣe iṣẹ́ òru, ó ń ṣe ti ọ̀sán, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Fóònù tí a kò gbé padà sórí ìyá kò ní kú lọ́jọ́ kan náà o. Yóò ṣì máa dún, yóò ṣì máa sọ̀rọ̀, títí yóò fi dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ́ ti ìtùnú. Ọmọ fóònù ní ibi tí agbára ìyá rẹ̀ mọ: nǹkan bí 50 mítà nínú ilé, nǹkan bí 300 mítà ní gbangba, ògiri tó nípọn sì ń dín in kù. Bí Màmá bá ti ń sọ̀rọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Gangare, ohùn á máa já. Níbí ni àfiwé wa parí sí. Ọlọ́run kò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Dáfídì wò ó títí dé òpin òkun, ó rí i pé ọwọ́ Olúwa ti wà níbẹ̀. Bí ìjọ tí wọ́n ti tẹ̀ ọ́ bọmi bá jìnnà sí ọ, Olúwa ìjọ náà kò jìnnà.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Jos, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Iná lọ ní ilé wa. Bátìrì ọmọ fóònù kún, ṣùgbọ́n ìyá ti kú, nítorí náà ọmọ kò wúlò fún nǹkan kan. Màmá bá ní kí n gbé fóònù àtijọ́ olókùn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí wọn kò jẹ́ kí a sọ nù. Irú yẹn kò nílò iná ilé. Agbára díẹ̀ tó ń lò ń bá ìlà wá láti ilé-iṣẹ́ fóònù, níbi tí wọ́n ń tọ́jú bátìrì ńláńlá sí. Mo kì í bọ ògiri. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ó dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ti ń pè wá láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ìròyìn. Màmá ní, "Ọmọ mi, a wà láàyè. Aládùúgbò wa Mùsùlùmí ló dúró sẹ́nu ọ̀nà wa." Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ gbogbo ilé tí wọ́n mọ̀ pé ó yè. Ẹ̀gbọ́n mi kọ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì ń pe àwọn ọmọ wọn lókèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ má sọ ìlà àtijọ́ nù. Àdúrà orí ìkúnlẹ̀ tí àwọn òbí wa kọ́ wa kò gbára lé iná tiwa. Dáníẹ́lì ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ní Bábílónì kí òfin ọba tó dé; nígbà tí ó dé, ìlà náà ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà, wọ́n ń fi ti íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò ìlà bàbà báyìí, wọ́n sì ní yóò parí ní oṣù Kìíní ọdún 2027. Bí àgbàlagbà bá ń dá gbé nítòsí yín, ẹ bá a béèrè bátìrì ìrànwọ́, torí bí iná bá lọ, fóònù náà lọ nìyẹn.

Bọ́tìnnì kan wà lára ìyá. Bí a bá wá ọmọ tì, a ó tẹ̀ ẹ́, ọmọ yóò sì dún níbi tó bá wà, ìbáà jẹ́ abẹ́ ìrọ̀rí. Èyí tí iná ti tán nínú rẹ̀ nìkan ni kì í dáhùn. Olúwa ń pè ọ́ lónìí. Dá a lóhùn. Kí o sì pe ilé.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Baba wa, pa àwọn ọmọ rẹ mọ́ níbi tí wọ́n wà. Fún wọn ní agbára ọ̀tun, má sì jẹ́ kí ìlà tó wà láàárín àwa àti ìwọ já. Dáàbò bo Jos, fún un ní àlàáfíà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.