Ológbò orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ owó oúnjẹ adìyẹ mi

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: mo ń sin ológbò nínú Second Life lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bímọ. Owó gidi la sì fi ń pààrọ̀ Linden dọ́là tá a fi ń bọ́ wọn. Mo fi owó oúnjẹ adìyẹ ra mẹ́fà, tìtorí àwọ̀ lásán. Ọmọ wọn ò jọ wọn, kò sẹ́ni tó rà á. Àṣé ìran tó fara pamọ́ lára òbí ló ń yọ, bíi ti adìyẹ wa náà. Ebi pa adìyẹ mi, ẹyin dínkù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: akọ kan, abo kan péré. Ẹ béèrè ìran wọn, ẹ wo iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà ná. Owó oko, ẹ má fọwọ́ kàn án o!