Ewé Tí Mo Di Ẹ̀bi Rẹ̀ Ru Màámi

Lọ́dún tó kọjá, Màámi wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa ní Atlanta. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, ẹja tí wọ́n ń tà lọ́jà Olúwo ni wọ́n sì fi tọ́ wa. Nígbà tí wọ́n wọ pálọ̀, tí wọ́n rí táǹkì ẹja omi iyọ̀ mi, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. “Àkànní, ẹja tí o ò ní í jẹ, tí o ò ní í tà, òun lo wá ń sanwó iná fún?”

Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí àwọn fúnra wọn fi ń bọ́ ẹja náà. Kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, wọ́n á ti bu oúnjẹ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí táǹkì ọ̀hún ṣe rí. Gálọ̀n 40 ni. Lábẹ́ rẹ̀, táǹkì kékeré kan wà tí omi ń gbà kọjá, refugium là ń pè é. Ewé omi kan tí wọ́n ń pè ní chaeto ló wà níbẹ̀, ó lọ́ pọ̀ bíi kànìnkànìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa jẹ nitrate àti phosphate tó ń jáde lára ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ. Bó bá ti dàgbà, a ó fa díẹ̀ dànù, ìdọ̀tí náà á sì bá a lọ. Alẹ́ ni mo máa ń tan iná tirẹ̀, torí lóru ni pH omi máa ń wálẹ̀. Ewé tó bá ń rí iná á máa fa carbon dioxide, pH ò sì ní í já púpọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí Màámi dé, algae kan tó rí bí irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára gíláàsì refugium. Kò pẹ́, ó bo chaeto mọ́lẹ̀, chaeto bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ó ń jẹrà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti padà. Ó gòkè lọ sínú táǹkì ńlá, ó sì pa coral kan tí mo ti ń tọ́ láti ọdún márùn-ún.

Lọ́jọ́ Sunday yẹn, mo gbaná jẹ. “Màámi, mo sọ fún yín! Oúnjẹ tí ẹ̀ ń dà sómi yìí ló ba gbogbo nǹkan jẹ́!”

Wọn ò fèsì. Wọ́n rọra dé ike oúnjẹ náà, wọ́n wọ yàrá lọ. Látọjọ́ náà, bí mo bá wà nílé, wọn kì í jókòó sí pálọ̀ mọ́. Ìyàwó mi kàn wò mí ni, kò sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, èmi nìkan ló ń bọ́ ẹja, bíńtín sì ni. Irun náà ò dín, ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

Lóru ọjọ́ kan, mo lóṣòó sídìí táǹkì pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Màámi jáde wá mumi. Wọ́n dúró díẹ̀. “Nígbà tí ewé bo ọ̀sà wa, àwọn ọkùnrin fi àdá gé e títí. Wọ́n ń gé e ní Ẹ̀pẹ́, ó ń gba Àgbádárìgì wọlé bọ̀. Àkànní, omi tó ò ń dà síbẹ̀ yẹn, níbo ló ti ń wá?”

Mo mọ ewé tí wọ́n ń wí. Water hyacinth ni, òun ló gba ojú omi Porto-Novo, tí a ń pè ní Àjàṣẹ́, wọ Nàìjíríà ní 1984. Ọkọ̀ ojú omi ò rí ọ̀nà kọjá, àwọ̀n ń kọ́.

Ìbéèrè wọn ló gbé mi lọ sí gàráàjì, níbi tí ẹ̀rọ tí mo fi ń sẹ́ omi wà. Òǹkà TDS omi tó bá jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Tèmi jẹ́ 41. Resin inú rẹ̀ ti kú, ó sì ti lé lọ́dún kan tí mo ti pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ló ń fi phosphate díẹ̀ sómi ẹ̀rọ, kí òjé inú páìpù má baà yọ́ sínú rẹ̀. Ó dára fún èèyàn, àmọ́ oúnjẹ ni fún algae. Gbogbo omi tuntun tí mo rò pé mo fi ń tún táǹkì ṣe, ṣe ni mo ń fi se àsè fún un. Oúnjẹ Màámi náà nípa tirẹ̀, n ò ní í parọ́. Àmọ́ ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ ni tiwọn, gálọ̀n mẹ́jọ lọ́sẹ̀ ni tèmi.

Mo pààrọ̀ resin. Mo kó chaeto sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi táǹkì, mo fọwọ́ fa irun kúrò lára rẹ̀, mo da ìdajì nù. N kò fa gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, torí ohun tó bá kú sínú omi, inú omi náà ló ń dá oúnjẹ tó jẹ padà sí. Mo ra ìgbín òkun mẹ́fà, mo dín wákàtí iná táǹkì ńlá kù. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó mọ́.

Àmọ́ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún Màámi nínú kíṣìnnì.

“Ẹ má bínú, Màámi. Èmi ni.”

“Dìde. Ṣé àwọn ẹja ti jẹun?”

Mo gbé ike náà fún wọn. Wọ́n fi ìka méjì mú díẹ̀, wọ́n nà án sí mi kí n wò ó.

“Ṣó pọ̀?”

“Rárá, Màámi. Ó tó.”