Ẹran Inú Ìda

Ní ẹ̀ka Pathology ti Yunifásítì Ìbàdàn, nínú ọgbà ilé ìwòsàn UCH, òórùn fọ́málìn ló ń kọ́kọ́ pàdé àlejò. Ó máa ń ta ni nímú. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ ègé ẹran sí kí ó má baà jẹrà: ẹran tí kò tó èékánná, tí wọ́n gé lára kókó tó wú ọmọdé lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ọtí líle ni yóò fa omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ìda gbígbóná tó ráyè wọlé. Bí ìda bá tutù, ó di búlọ́ọ̀kù kékeré, ó funfun, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Abẹ ẹ̀rọ á wá máa bó o ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìwọ̀n máíkírọ́ọ̀nù 4 péré. Irun orí kan nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó kéré tán. Ẹ má tan fáànù níbẹ̀ o! Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kí ó nà, wọ́n á sì fi dígí gbé e.

Títí di ìgbà yìí, ojú kò tíì rí nǹkan kan lára rẹ̀. Hematoxylin, oje igi kan láti Amẹ́ríkà Àárín, ló ń sọ núkílíọ́ọ̀sì sẹ́ẹ̀lì di bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Eosin ló ń fi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kun ìyókù.

Lábẹ́ maikirosikóòpù, àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú náà fún pọ̀ pinpin, ibi funfun sì wà láàárín wọn káàkiri. Ojú ọ̀run oníràwọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Orúkọ náà dára ju ohun tó ń jẹ́ ẹ lọ, nítorí ìràwọ̀ wọ̀nyẹn, sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ òkú sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni wọ́n. Jẹjẹrẹ Burkitt nìyẹn. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ní Kampala, kọ nípa rẹ̀ ní 1958, orúkọ sì mọ́ ọn lórí. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó ti maikirosikóòpù ní Makerere, ní Kampala kan náà, O'Conor àti Davies, ló fi hàn pé lymphoma ni, ìyẹn jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà.

Ní Ìbàdàn, níbi tí Edington ti dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní 1960, jẹjẹrẹ Burkitt ló pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lójú tèmi, yàrá tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù sí níyì ju maikirosikóòpù tuntun lọ. Ní 1964 ni wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí, síbẹ̀ a lè gé búlọ́ọ̀kù tó ti wà ṣáájú ìgbà náà, kí a wá fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún nínú rẹ̀, bí ooru kò bá ti yọ́ ìda rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́dọ̀ pa rẹ́, torí òun ló so ó mọ́ ìwé aláìsàn.