Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń kó àwòrán àtijọ́ jọ, díìsìkì tí a kó wọn sí kọ̀, kò ṣí. Kọ̀ǹpútà ní kí a nu ohun gbogbo inú rẹ̀ nù, kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán àwọn olùkọ́ wa tí ó ti sùn nínú Olúwa wà níbẹ̀, a kò sì ní ẹ̀dà mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Isundunrin so díìsìkì náà mọ́ kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux, ó sì fi orúkọ kan hàn wá: /dev/sdb. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ yìí ṣì ń jáde, ìrètí wà."

Kí ni orúkọ náà? Ní ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, Amẹ́ríkà. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991, ń tọ̀. Nínú wọn, díìsìkì a máa fara hàn bí fáìlì láàárín àwọn fáìlì yòókù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn lásán ni fáìlì yìí. Níbi tí ó yẹ kí ìwọ̀n rẹ̀ wà, nọ́ńbà méjì ni a óò rí: ti /dev/sdb jẹ́ 8 àti 16. Èkíní ń tọ́ka sí dráífà tí yóò dáhùn. Èkejì ń sọ díìsìkì tí a ń bá wí fún un.

Dráífà yìí kì í ṣe awakọ̀; ògbufọ̀ ni. Àwa ará agbègbè Èjìgbò mọ ìwúlò ògbufọ̀. Bí ọmọ-ọmọ bá ti Abidjan dé tí ó ń sọ Faransé, ìyá àgbà kò ní láti kọ́ èdè náà kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn yé. Bẹ́ẹ̀ ni ètò inú kọ̀ǹpútà kàn ń sọ pé ṣí, kà, kọ. Dráífà ni yóò túmọ̀ rẹ̀ sí èdè díìsìkì.

Àwa Yorùbá a máa wo ilé kí a tó sọmọ lórúkọ. Linux kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Táyé àti Kẹ́hìndé ni: ẹni tó kọ́kọ́ dé ni sda, èyí tó tẹ̀lé e ni sdb. Bí a bá pa kọ̀ǹpútà tí a tún tàn án, orúkọ lè yí padà. Ìdí nìyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi wo ìwọ̀n díìsìkì kọ̀ọ̀kan dáadáa kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí ẹni tó bá kọ nǹkan sí orúkọ tí kò tọ́ lè pa èyí tó yè.

Lẹ́yìn náà, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ka díìsìkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí òmíràn tí ara rẹ̀ le. Àkọsílẹ̀ tí ń júwe ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà ló bàjẹ́. Àwọn àwòrán fúnra wọn ṣì wà. Inú ẹ̀dà náà ni ó ti wá ọ̀pọ̀ jùlọ wọn rí. Àwọn díẹ̀ lọ pátápátá.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ máa pa ẹ̀dà méjì mọ́, kí wọ́n má sì gbé ilé kan náà.