Phoenix, ìlú tí oòrùn ti ń jẹ bátìrì ọkọ̀ ju ìrìn àjò lọ

Ẹni tó bá dé ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nínú oṣù keje ọdún, tó bá rí awakọ̀ tó wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná, tó jókòó sídìí síárìn, kó má rò pé orí onítọ̀hún ti dàrú o. Síárìn yẹn ló gbóná tí wọn ò lè fọwọ́ lásán dì mú. Bẹ́líìtì ìjókòó ńkọ́? Irin ẹ̀ lè jó èèyàn bí ẹni fara kan áyọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá ṣubú sójú títì lọ́sàn-án tí kò tètè dìde, ilé-ìwòsàn ló ń bá ara ẹ̀, nítorí awọ ara lè bó.

Inú aṣálẹ̀ ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, àwọn èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 1990, ooru ibẹ̀ wọ dígírì 50. Lọ́dún 2023, ọjọ́ 31 gbáko, láti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù keje, kò sí ọjọ́ kan tí ooru ò dé dígírì 43. Èèyàn 645 ni ìjọba ìbílẹ̀ Maricopa, níbi tí Phoenix wà, kà pé ooru lọ́wọ́ nínú ikú wọn lọ́dún náà. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé òru ò gbà wọ́n sílẹ̀. Mọ́jú ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje, ọdún 2023 yẹn, ibi tí ooru wálẹ̀ dé jù ni dígírì 36. Ìyẹn ni pé ìgbà tó tutù jù lóru ọ̀hún ṣì gbóná ju ọ̀sán tí àwọn ará Èkó fi ń pariwo pé ooru fẹ́ pa àwọn lọ.

Irú ìlú báyìí ni wọ́n ti wá ń wa ọkọ̀ oníná, ìyẹn ọkọ̀ tí kò mu epo rárá, tó jẹ́ pé bátìrì ńlá tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń gbé e rìn. Wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ Waymo, tí kò ní awakọ̀ kankan nídìí, tí síárìn á kàn máa dá yí ara ẹ̀, ń gbé èrò káàkiri ìgboro, bátìrì ni wọ́n ń lò. Ní Casa Grande, lápá gúúsù Phoenix, iléeṣẹ́ Lucid kọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ oníná síbẹ̀, ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Ìbéèrè tó máa ń wà lẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí ni pé, ṣé oòrùn ò ní pa bátìrì? Ìdáhùn ẹ̀ kò rọrùn. Olè méjì ni oòrùn Phoenix ní tó ń rán sí bátìrì. Ọ̀kan ń yá nǹkan lò ni, ó sì ń dá a padà. Èkejì ń kó o lọ pátápátá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ta kókó ni pé èyí tó ń dá a padà yẹn làwọn èèyàn ń sá fún jù.

Èyí tó ń yá a lò ni ẹ̀rọ amúlétutù, éésì tí gbogbo ayé mọ̀. Ọkọ̀ elépo, ẹ́ńjìnnì ló ń wa éésì ẹ̀. Ti ọkọ̀ oníná, inú bátìrì kan náà tó ń gbé ọkọ̀ rìn ló ti ń fa iná. Lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA kó oríṣi ọkọ̀ oníná márùn-ún jọ, wọ́n dán wọn wò nínú ooru dígírì 35. Nígbà tí wọn ò tan éésì, ìrìn tí ọkọ̀ lè rìn kó tó tún nílò iná fi ìdá 4 péré nínú 100 dín kù. Nígbà tí wọ́n tan án, ìdá 17 ló lọ. Ọkọ̀ tó yẹ kó rin 400 kìlómítà wá ń rin nǹkan bíi 330. Ó dunni lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ti òtútù: nígbà tí wọ́n gbé àwọn ọkọ̀ náà sínú òtútù tó fi dígírì 7 rẹlẹ̀ sí òdo, tí wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, ìdá 41 ló pòórá. Ká ní bó ṣe mọ nìyẹn ni, àwọn ará Phoenix ì bá máa fi àwọn ará Chicago ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibi tí olè yìí ti ń dẹ́rù bà wọ́n jù ni ọ̀nà Flagstaff. Ibẹ̀ ni ará Phoenix máa ń sá lọ bí ooru bá ti fẹ́ bó o láwọ, nítorí orí òkè nìlú náà wà, igi páínì yí i ká, atẹ́gùn ibẹ̀ sì tutù. Ó tó 230 kìlómítà. Phoenix fi nǹkan bíi 330 mítà ga ju òkun lọ, Flagstaff lé ní 2,100. Wọ́n á gùnkè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì Verde, wọ́n á tún gùnkè. Lópin ọ̀sẹ̀, ṣe ni ọkọ̀ máa ń tò bí ìjàlọ lójú ọ̀nà márosẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ oníná tó bá gbéra láago méjì ọ̀sán, tí éésì ń fẹ́, tó tún ń gun òkè, iye kìlómítà tí dáṣíbọ́ọ̀dù ní ó kù á máa já wálẹ̀ ju ìrìn tí wọ́n rìn lọ. Ibẹ̀ ni baálé ilé á ti fẹ́ pa éésì, tí ìyàwó àtàwọn ọmọ á fi igbe ta. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, ibi tí wọ́n ti lè gbaná wà ní Cordes Lakes, kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Àbọ̀ ló wá ń dùn mọ́ wọn. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Flagstaff, mọ́tò iná inú ọkọ̀ á di jẹnẹrétọ̀, á máa da iná padà sínú bátìrì, wọ́n á rí díẹ̀ gbà padà nínú èyí tí òkè jẹ. Éésì tí wọ́n sì tan lánàá kò ní kí bátìrì má kún lónìí.

Olè kejì ò mọ irú ìyẹn. Kẹ́míkà ló wà nínú bátìrì yìí, irú ẹ̀ kékeré náà ló wà nínú fóònù. Ooru máa ń jẹ́ kí àwọn kẹ́míkà ọ̀hún tètè máa jẹ ara wọn, kódà bí ọkọ̀ ò bá rìn rárá. Lithium tó yẹ kó máa gbé iná lọ gbé iná bọ̀ á lẹ̀ mọ́ ojú kan, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ó dà bí àmù omi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń pọ̀ sí i nísàlẹ̀ ẹ̀: bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi tí àmù lè gbà ń dín kù. Bátìrì tí wọ́n bá wá gbaná sí kún dẹ́nu, tí wọ́n gbé e sínú oòrùn, tiẹ̀ ló máa ń yá jù.

Ojú àwọn ará Phoenix rí i lọ́dún 2012. Nissan Leaf ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nígbà náà ni, 117 kìlómítà ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ sí i lára pé ó lè rìn bí bátìrì bá kún. Wọn ò ṣe omi tó ń tu bátìrì lára sínú ẹ̀. Ìlà kéékèèké 12 ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń fi bí bátìrì ṣe lókun tó hàn. Ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì, ni ìlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn kan lára àwọn tó ni ọkọ̀ kó méjìlá jọ, wọ́n wà wọ́n títí iná fi tán nínú wọn, kò sí ọ̀kan tó rìn tó ọkọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ìgbà tó yá, Nissan ṣèlérí pé bí ìlà bá wálẹ̀ kọjá 9 kí ọkọ̀ tó lo ọdún márùn-ún tàbí kó tó rin 96,000 kìlómítà, àwọn á tún bátìrì ṣe tàbí kí àwọn pààrọ̀ ẹ̀. Fún ọkọ̀ ọdún 2015, wọ́n gbé bátìrì míì jáde tó lè fara da ooru ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ìlérí yẹn ò bá kàn, 5,499 dọ́là ni wọ́n dá lé bátìrì tuntun lọ́dún 2014, wọ́n á sì gba ògbólógbòó lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe owó ẹ̀pà o.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná ló ní omi tó ń yí bátìrì ká. Ẹni tó bá gba ibi tí wọ́n gbé wọn sí kọjá lọ́sàn-án lè gbọ́ kí fáànù máa hó nínú ọkọ̀ tí kò sẹ́ni nínú ẹ̀. Kì í ṣe àǹjọ̀nú, bátìrì ló ń tu ara ẹ̀ lára. Bí wọ́n bá sì lọ gbaná lójú oòrùn gangan níbi ẹ̀rọ tó ń yára fún ọkọ̀ níná, ọkọ̀ lè fúnra ẹ̀ dín iná tó ń gbà kù kó má baà gbóná jù, kí ẹni tó rò pé òun fẹ́ fi ogún ìṣẹ́jú ṣe é wá jókòó síbẹ̀ títí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi ń gbaná lóru mọ́jú nílé, tí wọ́n ń fi í mọ sí ìdá 80, tí wọ́n sì ń tan éésì nígbà tí wáyà ṣì wà lára ọkọ̀, kó jẹ́ iná ilé ló máa kọ́kọ́ tu inú ọkọ̀ lára.

Ibòòji ló wá dọba níbẹ̀. Nínú ìwádìí tí yunifásítì ìpínlẹ̀ Arizona bá wọn lọ́wọ́ sí, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018, wọ́n gbé ọkọ̀ sínú oòrùn ní Tempe, tó bá Phoenix pààlà. Wákàtí kan péré, dáṣíbọ́ọ̀dù ti dé dígírì 69, síárìn 53. Èyí tó wà lábẹ́ ibòòji, dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ò ju 48 lọ, síárìn 42. Abájọ tí ará Phoenix fi lè gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi kan tó jìnnà réré, kó fẹsẹ̀ rìn nínú ooru wọ ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí àyè wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Yunifásítì náà tiẹ̀ ti ta sólà bo àwọn ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, oòrùn tó fẹ́ pa bátìrì ni wọ́n sọ di iná.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó wà l'Ékòó àti Cotonou náà, nítorí ojú omi ni tòkunbọ̀ ń gbà wá láti Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ elépo, ẹni tó fẹ́ rà á á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tẹ́tí gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ oníná ò pariwo. Èyí tó sì ti aṣálẹ̀ wá máa ń dán lójú ju ti ìlú yìnyín lọ, torí wọn kì í da iyọ̀ sójú títì níbẹ̀, irin ẹ̀ kì í sì dípẹtà. Nissan Leaf ọdún 2012 tó lo ayé ẹ̀ ní Phoenix lè rẹwà bí ọkọ̀ ìyàwó. Àwọn ìlà kéékèèké tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún dáṣíbọ́ọ̀dù ni kí oníbàárà kà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.