Àńpílífáyà Tòkunbọ̀

Ẹni tó bá ń gbé ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, tó fẹ́ gbọ́ orin jùjú dáadáa nínú ilé ara rẹ̀, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó èyí tí wọ́n tò sẹ́yìn gíláàsì ní Allen Avenue, kò níláti káwọ́ lérí, nítorí àńpílífáyà tòkunbọ̀ tó ní rédíò nínú, pẹ̀lú sípíkà méjì tó bá a mu, ti tó o ṣe.

Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí: kí á tó ki iná bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, nítorí bí wọ́n bá kọ 120 volt sí i, ti ilé Amẹ́ríkà ni, bó bá sì jẹ́ 100, ti Japan ni; iná tiwa, 230 ni, ó sì lè sọ ọjà iyebíye di èéfín lójú ẹsẹ̀, àfi bí a bá fi stepdown, ẹ̀rọ tí í dín agbára iná kù, sáàárín.

Wáyà kò fẹ́ ìkánjú. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, lọ́tùn-ún lósì. Bí a bá gbé ẹyọ kan sódì, ohùn yóò jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n béèsì yóò rù bí aláìsàn, a ó sì máa bú olórin tí kò ṣẹ̀ wá. Kí a má sì gbé sípíkà há kọ̀rọ̀ ilé.

Jùjú Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982 ni mo fi ń dán tèmi wò. Ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ṣá, n kò rí sípíkà tó ká a.